Àbúrò mi ti di sítísìn, kò sì dìbò rí: ṣé ọ̀lẹ ni?

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́. Àbúrò mi ọkùnrin ń gbé ní Houston, ó ti di sítísìn Amẹ́ríkà láti bí ọdún mélòó kan, àmọ́ kò tíì dìbò rí. Ó ní ti àwọn Republican ni Texas, pé bóun lọ bóun ò lọ, ìkan náà ni. Ìyàwó ẹ̀ ní tiẹ̀ kì í fi ìbò ṣeré, ọ̀rọ̀ yìí sì ti fẹ́ẹ́ máa dìjà láàárín wọn. Kí ló dé tí àwọn kan ń dìbò níbẹ̀ táwọn kan ò sì bìkítà, nígbà tó jẹ́ pé àwọn ló ń kọ́ gbogbo ayé ní dẹmokírésì? Ọmọ mi náà ṣẹ̀ṣẹ̀ gba green card, ṣé òun lè dìbò? Ìyá kan láti Bódìjà, Ìbàdàn.

Ìdáhùn: Mà, ẹ kú iṣẹ́ náà o, ẹ sì kú ọ̀rọ̀ ẹbí. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ gba àbúrò yín sílẹ̀ díẹ̀ torí mo mọ̀ pé wọ́n á ti bú u tó. Ìṣirò tó ṣe yẹn, kò ṣì í ṣe. Ní 2020, Trump fi ìbò tó lé ní 600,000 na Biden ní Texas, ní 2024 ó fi bíi mílíọ̀nù kan àtààbọ̀ na Kamala Harris. Ẹ yọ ìbò àbúrò yín kúrò níbẹ̀, ẹ dá a padà, kò sóhun tó yí. Àti pé wọn kì í da ìbò ààrẹ gbogbo orílẹ̀-èdè pọ̀ kà lójú kan, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń kà, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní iye aṣojú tó máa bá a yan ààrẹ, gbogbo wọn jẹ́ 538, ẹni tó bá ti kó 270 ti wọlé nìyẹn. Yàtọ̀ sí Maine àti Nebraska, ẹni tó bá fi ẹyọ ìbò kan ṣíwájú ní ìpínlẹ̀ kan ló máa kó gbogbo aṣojú ibẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí ìbò Hillary Clinton fi fẹ́rẹ̀ẹ́ fi mílíọ̀nù mẹ́ta ju ti Trump lọ ní 2016 tó sì padà sílé lọ jókòó. Ẹni tó ń gbé ní Texas tàbí California tàbí New York ti mọ ibi tí ìpínlẹ̀ òun ń lọ kó tó jí láàárọ̀ ọjọ́ ìdìbò. Àwọn tó ń du ipò náà mọ̀, torí ẹ̀ ni wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ yọjú síbẹ̀ àfi tí wọ́n bá fẹ́ẹ́ gba owó ìpolongo lọ́wọ́ àwọn olówó. Ní 2024, Pennsylvania, Michigan, Wisconsin, Georgia, Arizona, Nevada àti North Carolina ni wọ́n ń pààrà ṣáá, àwọn ará Houston kàn ń wò wọ́n lórí tẹlifíṣọ̀n ni.

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nílẹ̀ o. Láti 1957 ni onímọ̀ ọrọ̀ ajé kan tó ń jẹ́ Anthony Downs ti gbé e kalẹ̀ pé téèyàn bá fojú èrè lásán wò ó, ìbò dídì ò pé. Èèyàn á wá àyè, á tọrọ àyè níbi iṣẹ́, á wakọ̀ lọ, á tò sórí láìnì, á máa ka orúkọ àwọn tí ò mọ̀ rí, gbogbo ẹ̀ torí ẹyọ ìbò kan tó jẹ́ pé àfi tí ìbò bá dọ́gba géérégé ló tó lè dá nǹkan kan. Àwọn tó tẹ̀ lé e jà sí i títí, wọ́n wá fi kún un pé ara èèyàn máa ń yá gágá pé òun ṣe ojúṣe òun, pé ìyẹn náà lérè tiẹ̀. Ó dáa. Àmọ́ èèyàn tó ju mílíọ̀nù 155 ló jáde dìbò ní 2020, ṣé gbogbo wọn ni ò mọ ìṣirò ni? Ibi tí ọ̀rọ̀ àbúrò yín ti já nìyẹn. Ìṣirò ẹ̀ tọ̀nà, àmọ́ kò lè sọ ìdí tí ìyàwó ẹ̀ fi ń lọ, bẹ́ẹ̀ ilé kan náà ni wọ́n jọ ń gbé, ìbò ìyàwó náà ò sì wúwo ju tiẹ̀ lọ.

Ohun témi rí nínú ẹ̀, látìgbà tí mo ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nípa òṣèlú Amẹ́ríkà, ni pé ìbò jẹ́ nǹkan tí èèyàn ń bá ẹgbẹ́ ṣe. Ẹ wo aṣọ ẹbí. Ta ló ń jókòó ṣírò pé tóun ò bá ra aṣọ yẹn, òde á bàjẹ́? Òde ò ní bàjẹ́, gbogbo wa la mọ̀. Èèyàn ń rà á torí pé ẹnì kan pè é lórí fóònù pé "ṣé o ti san tìẹ?", torí pé wọ́n á wo ọrùn ẹ̀ lọ́jọ́ náà, torí pé òun náà á ṣòde lọ́la. Ẹni tí wọn ò pè ò ní rà, kò sì ní rò ó pé òun ṣẹ ẹnikẹ́ni. Bí ìbò ṣe rí náà nìyẹn: ẹni tí wọ́n bá pè, tí wọ́n sì ń retí, òun ló ń lọ, tí ojú ọ̀nà bá ti gbà á.

Kẹ́ ẹ má bàa rò pé mò ń fẹnu sọ ọ́ lásán, ní oṣù kẹjọ 2006, àwọn ọ̀mọ̀wé mẹ́ta, Gerber, Green àti Larimer, ṣe ìdánwò kan ní Michigan. Ìbò abẹ́lé ẹgbẹ́ ni, irú èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í yọjú sí. Wọ́n mú ilé tó tó bíi 180,000, wọ́n pín wọn bí ẹni ṣẹ́ gègé. Èyí tó pọ̀ jù ò gba nǹkan kan. Àwọn kan gba lẹ́tà tó kàn ń rọ̀ wọ́n pé kí wọ́n ṣe ojúṣe ọmọ onílùú. Àwọn míì gba èyí tó sọ fún wọn pé à ń ṣèwádìí, a máa wò ó bóyá ẹ lọ. Àwọn míì rí orúkọ ará ilé wọn nínú ẹ̀, pẹ̀lú ẹni tó dìbò kọjá àti ẹni tí ò dì. Èyí tó wá le jù lèyí tó kó àwọn aládùúgbò mọ́ ọn. Ẹ fojú inú wò ó mà, ẹ já lẹ́tà, ẹ rí orúkọ ara yín, ẹ rí ti ọkọ yín, ẹ wá rí ti àwọn tẹ́ ẹ jọ ń gbé títì kan náà, níwájú orúkọ kọ̀ọ̀kan wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ bóyá onítọ̀hún dìbò lóṣù kẹjọ 2004 àti lóṣù kọkànlá 2004, wọ́n wá ní lẹ́yìn ìbò tó ń bọ̀ yìí àwọn á tún tẹ ìwé náà, àwọn á sì fi ránṣẹ́ sí ẹ̀yin àtàwọn aládùúgbò yín.

Nínú àwọn tí ò gba lẹ́tà kankan, bíi 30 nínú 100 ló dìbò. Lẹ́tà "ẹ ṣe ojúṣe yín" ò fi méjì kún un. Lẹ́tà aládùúgbò yẹn gbé e dé bíi 38. Bébà lásán lẹ̀ ń wò yẹn o! Kò sẹ́ni tó fún wọn lówó, kò sẹ́ni tó ṣàlàyé ètò ìṣèlú kankan fún wọn, ojú ló kàn ń tì wọ́n. Òfin ibẹ̀ sì fàyè gbà á, torí pé àṣírí ni ẹni téèyàn dìbò fún, àmọ́ bóyá èèyàn dìbò tàbí kò dì, inú ìwé ìjọba ló wà, àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú sì ń gbà á. Èmi ò ní fẹ́ kí wọ́n fi irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sílé mi, ẹ jọ̀ọ́, ó ti fẹ́ẹ́ jọ ìhàlẹ̀. Àmọ́ iṣẹ́ tó ṣe ò ṣeé sẹ́.

Ohun tó tún ń ṣiṣẹ́ ni kí èèyàn ẹlẹ́ran ara wá kan ilẹ̀kùn. Wọ́n dán ìyẹn náà wò ní New Haven ní 1998, àwọn tí ẹnì kan wá bá lójúkojú nílé jáde ju àwọn tí wọ́n kàn pè lórí fóònù lọ dáadáa. Torí ẹ̀ ló ṣe máa ń pa mí lẹ́rìn-ín tí mo bá rí owó tí wọ́n ń ná sórí àwọn gbajúmọ̀ olórin tó ń pariwo "ẹ lọ dìbò" lórí tẹlifíṣọ̀n. Ta ni ojú olórin ń tì? Ṣọ́ọ̀ṣì àwọn èèyàn dúdú ibẹ̀ mọ̀ ọ́n ṣe jù wọ́n lọ: tí ìbò àkọ́kọ́dì, ìyẹn èyí tí wọ́n ń dì ṣáájú ọjọ́ ìdìbò gan-an, bá ti bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n bá jáde ìsìn ọjọ́ Sunday, bọ́ọ̀sì ti wà níta, gbogbo ìjọ á wọnú ẹ̀ tàwọn ti ìyá àgbà tó ń ti ọ̀pá, ó di ibùdó ìdìbò. Ẹni tó bá fẹ́ẹ́ sá níbẹ̀, iwájú pásítọ̀ ló ti máa sá.

Wàhálà ibẹ̀ wá ni pé àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú kì í kan gbogbo ilẹ̀kùn. Owó wọn níye, inú ìwé àwọn tó ti dìbò rí ni wọ́n ti ń wá ẹni tí wọ́n máa lọ bá. Ẹni tí ò dìbò rí ò sí nínú ìwé, ẹni tí ò sí nínú ìwé kò sẹ́ni tó máa wá a wá, tí wọn ò bá wá a wá kò ní dìbò, bó ṣe ń yí nìyẹn lọ́dọọdún. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ di sítísìn ló wà nínú ihò yẹn jù, àbúrò yín náà wà níbẹ̀. Ẹ bi ìyàwó ẹ̀ léèrè ẹni tó kọ́kọ́ mú un lọ dìbò. Ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ gbọ́ orúkọ èèyàn kan, ọ̀rẹ́ níbi iṣẹ́ tàbí ará ṣọ́ọ̀ṣì.

Ẹ ní àwọn ló ń kọ́ gbogbo ayé. Òótọ́ ni, àmọ́ ẹ gbọ́ iye wọn. Nínú èèyàn 100 tó lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò, bíi 60 ló jáde ní 2016, bíi 66 ní 2020, ìyẹn sì ni èyí tó pọ̀ jù láti 1900, ní 2024 ó jẹ́ bíi 64. Ìyẹn tí ààrẹ bá wà nínú ẹ̀ o. Ìbò àárín sáà tó jẹ́ ti ilé aṣòfin, ní 2014 kò tó 37, èyí tó kéré jù láti ìgbà Ogun Àgbáyé Kejì, ọdún mẹ́rin lẹ́yìn ẹ̀ ó fò sókè sí bíi 50. Ti ìlú wá burú jù: New York tí èèyàn ibẹ̀ lé ní mílíọ̀nù mẹ́jọ, bíi mílíọ̀nù kan àti díẹ̀ péré ló yan méyọ̀ ní 2021. Ní 2025 ó ju mílíọ̀nù méjì lọ, irú ẹ̀ ò tíì ṣẹlẹ̀ láti 1969, nígbà tí Zohran Mamdani tí wọ́n bí ní Kampala wọlé. Ìlú kan náà ni, ọdún mẹ́rin péré ló wà láàárín. Àwọn ọ̀dọ́ rẹpẹtẹ ló ń ti ilẹ̀kùn kan bọ́ sí òmíì lọ́tẹ̀ yìí, ìjà tó gbóná sì wà láàárín Mamdani àti gómìnà ìpínlẹ̀ náà tẹ́lẹ̀, Andrew Cuomo.

Ká má sì fi wọ́n rẹ́rìn-ín jù. Ní 2023, nínú àwọn tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ INEC, bíi 27 nínú 100 ló dìbò ààrẹ. Àwọn tó forúkọ sílẹ̀ nìkan la fi ń ṣírò tiwa, àwọn tí mo kà ní ti Amẹ́ríkà yẹn, gbogbo ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ ni, tó forúkọ sílẹ̀ o, tí ò forúkọ sílẹ̀ o. Tá a bá fi òṣùwọ̀n wọn wọn tiwa, á tún lọ sílẹ̀ sí i.

Ọ̀rọ̀ ìforúkọsílẹ̀ yẹn gan-an ni mo fẹ́ẹ́ dúró lé, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń jábọ́ kí ọjọ́ ìdìbò tó pé rárá. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, ìjọba ló ń kọ orúkọ aráàlú sílẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ìwọ lo máa lọ wá a, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló sì ní òfin tiẹ̀. North Dakota ò tiẹ̀ ní ìforúkọsílẹ̀ rárá. Minnesota, láti àwọn ọdún 1970 lèèyàn ti lè débẹ̀ lọ́jọ́ ìdìbò gan-an, kó forúkọ sílẹ̀, kó dìbò, kó máa lọ, ẹ ò rí i pé Minnesota kì í sábà jìnnà sí òkè tí wọ́n bá ń ka iye tó jáde. Oregon, láti 2016, tó o bá lọ gba láísẹ́ǹsì ọkọ̀ wọ́n ti kọ orúkọ ẹ nìyẹn, àfi tó o bá ní o ò fẹ́, wọ́n á sì fi ìwé ìdìbò ránṣẹ́ sí ẹ nílé. Ẹ wá wo Texas tí àbúrò yín wà. Ọgbọ̀n ọjọ́ ṣáájú ìbò ni ìforúkọsílẹ̀ ti ń kásẹ̀ nílẹ̀. Kò sí pé o ṣí fóònù kó o forúkọ sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àfi tó bá jẹ́ láísẹ́ǹsì ọkọ̀ lò ń tún ṣe níbẹ̀, tó bá jẹ́ pé lọ́tọ̀ ni, bébà lo máa kọ, o máa fọwọ́ sí i, o máa fi ránṣẹ́. Tó o bá kó kúrò láti county kan (bí ìjọba ìbílẹ̀ tiwa ni) lọ sí òmíì, o tún máa bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Àwọn èèyàn wa ní Houston sì mọ̀ ọ́n kó, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ nínú apátímẹ́ǹtì ní Alief tó wà ní Harris County, tówó bá ti dé díẹ̀ wọ́n ra ilé ní Richmond tàbí Missouri City, ó ti di Fort Bend County nìyẹn, wọ́n yí àdírẹ́sì báǹkì padà, wọ́n yí ti ọkọ̀ padà, ti ìbò ò wá sọ́kàn ẹnikẹ́ni títí di ọ̀sẹ̀ ìdìbò. Ìgbà yẹn ó ti bọ́.

Ọjọ́ tí wọ́n ń dì í náà ńkọ́? Tuesday. Òfin 1845 ló yan Tuesday tó bá tẹ̀ lé Monday àkọ́kọ́ nínú oṣù kọkànlá, torí àgbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn nígbà yẹn, wọ́n ti kórè tán, Sunday jẹ́ ọjọ́ ìsìn, Wednesday lọ́pọ̀ ibi jẹ́ ọjọ́ ọjà, ẹni tó ń fi ẹṣin wọ̀lú lè rìn lọ́jọ́ Monday. Àgbẹ̀ ti tán, ẹṣin ti tán, Tuesday ò lọ. Ìjọba àpapọ̀ ò sì fi í ṣe ọlidé. Ọlọ́run bá wọn ṣe é, Texas ní ìbò àkọ́kọ́dì bí ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé o fẹ́ẹ́ fi lẹ́tà dìbò, àfi kó o jẹ́ ẹni ọdún 65 tàbí kó o ní ìdí pàtàkì bí àìsàn tàbí pé o ò ní sí nílé. Tó o bá dé ibùdó, wọ́n á ní kó o mú káàdì ìdánimọ̀ wá: òfin tí wọ́n ṣe ní 2011 gba láísẹ́ǹsì ìbọn, kò gba káàdì akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì. Ẹ fún un ní ìtumọ̀ tó bá wù yín.

Ní 2020, Harris County ṣe nǹkan kan tí inú mi dùn sí gan-an. Chris Hollins tó ń bójú tó ìdìbò níbẹ̀ nígbà yẹn ṣí ibùdó mẹ́jọ kalẹ̀ mọ́jú lóru ọjọ́ kan, kí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ lè dìbò. Ó tún ṣe ibi téèyàn ti lè jókòó sínú mọ́tò ẹ̀ dìbò. Ẹ ṣáà mọ̀ pé Houston ni Texas Medical Center wà, ẹ sì mọ iye àwọn nọ́ọ̀sì wa tó ń ṣe naìtì nílùú yẹn. Ẹni tó jáde lẹ́nu iṣẹ́ láago mẹ́ta òru lè ya ibẹ̀, kó dìbò kó tó lọ sùn. Ní 2021 ilé aṣòfin Texas ṣòfin, wọ́n fòfin de méjèèjì. Wọ́n ní kí ìwà jìbìtì má bàa wọ̀ ọ́. Èmi ò rí jìbìtì tó wà nínú kí nọ́ọ̀sì dìbò láago mẹ́ta òru tí kò sí láago mẹ́ta ọ̀sán.

Mo ti gbọ́ tí wọ́n ń sọ pé ọ̀lẹ ni ẹni tí ò dìbò. Ẹ wo Mississippi. Láti 1870 ni òfin orílẹ̀-èdè ti ní kí wọ́n má fi àwọ̀ ara dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ ìbò, àmọ́ àwọn ìpínlẹ̀ gúúsù wá ọgbọ́n míì dá, ó di pé kó o san owó orí ìbò, kó o ka ìwé òfin kó o sì túmọ̀ ẹ̀ níwájú akọ̀wé aláwọ̀ funfun tó jẹ́ pé òun náà ló máa sọ bóyá o yege. Ẹni tó bá tún forí laku, wọ́n lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, wọ́n lè dáná sun ilé ẹ̀. Ní 1964, àwọn dúdú tó forúkọ sílẹ̀ ní Mississippi ò pé 7 nínú 100. Oṣù kẹta 1965 ni àwọn ọlọ́pàá na àwọn tó ń wọ́de torí ẹ̀tọ́ ìdìbò lórí afárá Selma ní Alabama, wọ́n fọ́ orí John Lewis, ọ̀kan nínú àwọn tó ṣáájú wọn, níbẹ̀, lóṣù kẹjọ ọdún yẹn kan náà ààrẹ Johnson fọwọ́ sí òfin ẹ̀tọ́ ìdìbò, ìjọba àpapọ̀ rán òṣìṣẹ́ tiẹ̀ lọ. Nígbà tó fi máa di 1967, ti Mississippi ti sún mọ́ 60 nínú 100. Ṣé ọdún méjì lọ̀lẹ fi ń di akíkanjú ni? Wọ́n ṣí ọ̀nà, wọ́n sì ní àwọn tó ń pe ara wọn jáde. Ní 2012 tí Obama ń wọlé lẹ́ẹ̀kejì, àwọn dúdú tó dìbò jẹ́ 66 nínú 100, àwọn funfun 64, àjọ tó ń ka èèyàn níbẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀. Ní 2016 tí Obama ò sí níbẹ̀ mọ́, ti àwọn dúdú já sí ìsàlẹ̀ 60. Ọdún yẹn náà ni Trump fi ìbò tí ò pé 80,000 lápapọ̀ gba Michigan, Wisconsin àti Pennsylvania.

Àwọn tó wà lẹ́wọ̀n àtàwọn tó ti jáde náà wà níbẹ̀. Maine àti Vermont, inú ọgbà ẹ̀wọ̀n ni wọ́n ti ń dìbò. Florida, ní 2018, bíi 65 nínú 100 olùdìbò ló ní kí wọ́n dá ẹ̀tọ́ padà fún àwọn tó ti ṣẹ̀wọ̀n wọn tán, yàtọ̀ sí apààyàn àti afipábánilòpọ̀. Ọdún tó tẹ̀ lé e, àwọn aṣòfin ní àfi tí wọ́n bá san gbogbo owó ìtanràn ilé ẹjọ́ tán. Ọ̀pọ̀ wọn ò rí i san, àwọn míì ò tiẹ̀ mọ iye tí wọ́n jẹ, wọ́n wá ń bẹ̀rù pé táwọn bá ṣì í ṣe, ẹ̀wọ̀n náà làwọn tún ń padà sí. Irú wọn á jókòó sílé, ẹ ò lè bá wọn wí.

Mo gbà pé àwọn kan wà tí ọ̀nà là fún, tí wọ́n pè, tí wọn ò sì lọ. Ẹgbẹ́ méjì tó wà níbẹ̀, Republican àti Democrat, ti sú wọn. Wọ́n ní owó ilé ń gbówó lórí nígbà tí ti ibí wà níbẹ̀, ó tún ń gbówó lórí nígbà tí ti ọ̀hún dé. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí náà wà níbẹ̀: ní 2020, àwọn ẹni ọdún 65 sí 74, 76 nínú 100 wọn ló dìbò, àwọn ọdún 18 sí 24, bíi 51. Àgbà ní ilé tó ń sanwó orí lé lórí, ó ń gba owó ìfẹ̀yìntì lọ́wọ́ ìjọba, ó ti gbé àdúgbò kan náà fún ogún ọdún. Ọ̀dọ́ ń kó láti yàrá kan sí yàrá kejì, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n ní títì yẹn. Àwọn Democrat ti máa ń rò ó tẹ́lẹ̀ pé tí gbogbo àwọn tó ń jókòó sílé bá jáde, tiwọn ni wọ́n máa dì. Kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Ìwádìí tí wọ́n ṣe lẹ́yìn 2024 fi hàn pé àwọn tí ò dìbò fẹ́rẹ̀ẹ́ pín sí méjì, ti Trump tiẹ̀ fi díẹ̀ pọ̀ jù.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sí Texas. Ìbò gómìnà 2014 níbẹ̀, bíi 28 nínú 100 ló jáde, ó burú. Ní 2018 ó di bíi 46. Ọdún yẹn ni Beto O'Rourke ń bá Ted Cruz du sẹ́nétọ̀, ó wọ mọ́tò, ó dé gbogbo county Texas, 254 ni wọ́n o, ó ń dé ibi tí Democrat kankan ò dé rí. Kò wọlé, bíi 215,000 ìbò ni Cruz fi nà án. Tí àbúrò yín bá sì gbọ́ ìyẹn á ní "ẹ ò rí i, mo sọ bẹ́ẹ̀".

Àmọ́ kó yí ìwé ìdìbò yẹn sí ẹ̀yìn. Lórí ìwé kan náà, obìnrin ẹni ọdún 27 kan, Lina Hidalgo, tí wọ́n bí ní Colombia, tí ò ṣe òṣèlú rí, ń du olórí Harris County. "County judge" ni wọ́n ń pe ipò yẹn, kì í dájọ́ ní kóòtù, òun ni alága tó ń bójú tó owó county, ojú àgbàrá, títì, àti ohun tí wọ́n máa ṣe tí ìjì bá dé. Ìjì Harvey ṣẹ̀ṣẹ̀ rì wọ́n ní 2017 ni, omi wọlé àwọn èèyàn dé òrùlé. Nínú ìbò tó lé ní mílíọ̀nù kan, ìbò tí ò pé 20,000 ló fi gba ipò náà lọ́wọ́ Ed Emmett tó ti wà níbẹ̀ láti 2007. Lọ́jọ́ yẹn kan náà, obìnrin dúdú 17 wọlé gẹ́gẹ́ bí adájọ́ ní county yẹn. Ọmọ àbúrò yín lè dé iwájú ọ̀kan nínú wọn lọ́jọ́ kan torí ọ̀rọ̀ mọ́tò tàbí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó. Ẹni tó bá ní òun ò lọ torí ipò ààrẹ, gbogbo ìyẹn náà ló fi sílẹ̀ fún ẹlòmíì.

Mo sì ní ká má sọ pé ìbò kan ò dá nǹkan kan rí. Ní 2017, ní Newport News ní Virginia, David Yancey àti Shelly Simonds ń du ìjókòó kan ní ilé aṣòfin ìpínlẹ̀. Wọ́n kà á, wọ́n tún un kà, wọ́n dé kóòtù, ìbò 11,608 fún ibí, 11,608 fún ọ̀hún. Òfin Virginia ní kí wọ́n ṣẹ́ gègé. Lọ́jọ́ kẹrin oṣù kìíní 2018, wọ́n kọ orúkọ méjèèjì sórí bébà, wọ́n ká a sínú agolo kéékèèké tí wọ́n ń kó fíìmù kámẹ́rà sí láyé ọjọ́un, wọ́n jù ú sínú abọ́ amọ̀ kan, wọ́n rò ó pọ̀, òṣìṣẹ́ ìdìbò kan kọwọ́ bọ̀ ọ́, ó mú ti Yancey. Ẹgbẹ́ Republican sì tipa bẹ́ẹ̀ fi 51 sí 49 di ilé náà mú. Ẹ fojú inú wo ẹni tó jókòó sílé ládùúgbò yẹn lọ́jọ́ ìdìbò tó ń wò wọ́n lórí tẹlifíṣọ̀n bí wọ́n ṣe ń ro abọ́. Simonds padà gba ìjókòó yẹn ní 2019.

Torí náà, ẹ bá mi sọ fún ìyàwó yẹn kó yé bá a jà. Èébú ò ṣe é, ẹ ti rí i nínú ti Michigan pé lẹ́tà "ṣe ojúṣe ẹ" ò fi bẹ́ẹ̀ mi ẹnikẹ́ni. Kó bá a yẹ̀ ẹ́ wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì bóyá orúkọ ẹ̀ wà nínú ìwé ní àdírẹ́sì tí wọ́n ń gbé báyìí, kí oṣù kan tó kù síbò. Tí ìbò àkọ́kọ́dì bá bẹ̀rẹ̀, kó mú ọjọ́ Saturday kan, kó ní "a jọ ń lọ ni", kí wọ́n tibẹ̀ gba ọjà lọ. Tó bá débẹ̀ tó bá ìwé tó gùn gbọọrọ pàdé, kò pọn dandan kó fọwọ́ kan gbogbo ẹ̀, àwọn tó bá mọ̀ ni kó dì, kó fi ìyókù sílẹ̀. Ẹni tó bá ti lọ lẹ́ẹ̀kan ti wọ ìwé àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú, tó bá di ọdún tó ń bọ̀ wọn ò ní jẹ́ kó gbádùn lórí fóònù.

Ti ọmọ yín tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba green card, rárá o, rárá ni mà. Kò gbọ́dọ̀ dìbò ààrẹ, ti aṣòfin, ti gómìnà, kò gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ pàápàá. Láti 1996 ni òfin ìjọba àpapọ̀ ti sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ fún ẹni tí kì í ṣe sítísìn, wọ́n lè torí ẹ̀ lé èèyàn kúrò nílùú. Àwọn ìlú kéékèèké kan wà bíi Takoma Park ní Maryland tó fàyè gba àwọn tí kì í ṣe sítísìn nínú ìbò ìlú tiwọn nìkan, kó má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìyẹn tàn án jẹ ní ibòmíì. Ibi tó ti máa ń bá àwọn èèyàn wa lójijì ni ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń gba láísẹ́ǹsì ọkọ̀. Òṣìṣẹ́ á máa bi wọ́n ní ìbéèrè kíákíá, á ní "ṣé o fẹ́ forúkọ sílẹ̀ láti dìbò?", ẹni tí ò mọ̀ á ní bẹ́ẹ̀ ni, ó rò pé ara fọ́ọ̀mù ni, ó fọwọ́ sí i. Kó dáhùn pé rárá, kó sì ka ohun tó ń fọwọ́ sí. Tó bá máa gba sítísìn lọ́jọ́ iwájú, fọ́ọ̀mù yẹn máa bi í bóyá ó ti forúkọ sílẹ̀ tàbí dìbò rí ní Amẹ́ríkà. Tó bá jẹ́ pé ó ti fọwọ́ sí nǹkan kan tẹ́lẹ̀ tí kò yé e, kó má fi fọ́ọ̀mù sítísìn náà sílẹ̀ fúnra ẹ̀ o, kó kọ́kọ́ wá lọ́yà tó mọ òfin immigration lọ.